Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt: Obìnrin tí ó mú ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì dé yunifásítì

Iṣẹ́ abẹ kì í ṣe iṣẹ́ dókítà nìkan. Kí ọ̀bẹ tó kan ara aláìsàn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún un ní oògùn tí yóò kùn ún lóorun tàbí tí kò ní jẹ́ kí ó mọ ìrora, kí ẹni náà sì dúró tì í títí tí yóò fi jí. Ní Nàìjíríà, bí ènìyàn bá ti kúrò ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, nọ́ọ̀sì ni ẹni náà sábà máa ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan ìlú bíi Ọ̀fà ní ìpínlẹ̀ Kwara gbọ̀ngbọ̀n. Ìlọrin ni ilé ìwòsàn yunifásítì ti ìpínlẹ̀ náà wà. Aboyún tí ìrọbí dé bá lóru, tí ọmọ kò sì lè gba ọ̀nà wá, kò lè máa retí ẹni tí yóò ti Ìlọrin wá fún un ní oògùn.

Iṣẹ́ yìí gba ìmọ̀ púpọ̀. Ẹni tí yóò ṣe é gbọ́dọ̀ mọ bí ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ béèrè ìgbà tí aláìsàn jẹun kẹ́yìn, nítorí pé bí oúnjẹ bá wà nínú ikùn ẹni tí wọ́n kùn lóorun, ó lè gòkè wá kí ó sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí aláìsàn ṣe wúwo tó kí ó tó wọn oògùn fún un. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ti rọ́bà gba ọ̀fun kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé, àti ibi tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ sí ní ẹ̀yìn aboyún tí wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ojú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ mú ojú kúrò lára ìfúnpá, lílù ọkàn, àti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi há ìka aláìsàn láti mọ bí ọ́síjìn ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àṣìṣe ìṣẹ́jú díẹ̀ lè gba ẹ̀mí, ó sì lè ba ọpọlọ jẹ́.

Àwọn ọmọ Ọ̀fà, tí ìjàkadì jẹ́ orò ìlú wọn, mọ̀ pé agbára nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń dá ènìyàn, ọgbọ́n wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rí. Àánú dára, ọwọ́ tútù dára, ṣùgbọ́n àánú tí kò ní ìmọ̀ nínú kò lè gba aláìsàn là. Ní ayé àtijọ́, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kí nọ́ọ̀sì mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ó mọ bí wọ́n ṣe ń fọ egbò, kí ó sì máa ṣe ohun tí dókítà bá ní kí ó ṣe, ó parí. Lára àwọn tí ó yí èrò yìí padà ní Nàìjíríà, orúkọ Olóògbé Olóyè Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt wà ní iwájú. Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe nọ́ọ̀sì tó ń kun ènìyàn lóorun. Ohun tí ó ṣe ni pé ó ṣí ọ̀nà ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ fún gbogbo nọ́ọ̀sì, èyíkéyìí tí wọn ì báà yàn láàyò nínú iṣẹ́ wọn.

Ní ìlú Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1915. Augustus Alfred Scott ni orúkọ bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ni Elizabeth Ọmọwùmí. Ilé ọlá ni ilé wọn láàárín àwọn Kìrìsìtẹ́nì Èkó ìgbà náà, wọ́n sì ka ẹ̀kọ́ sí. Kòfowórọlá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ti ìjọ CMS ní Èkó. Láti kékeré ni ó ti ń wù ú láti di nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe bàbá rẹ̀ nìkan ni ó ní irú èrò bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ọ̀pọ̀ òbí tí ó bá ti rán ọmọbìnrin wọn lọ sí ilé ìwé gbà pé iṣẹ́ olùkọ́ ni ó bá a mu, wọn kò sì fẹ́ kí ó máa ru ìgbẹ́ àti ìtọ̀ aláìsàn kiri ilé ìwòsàn.

Ọmọ náà kò bá bàbá rẹ̀ jà. Ó lọ sí United Missionary College ní Ìbàdàn, ó gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ó sì padà sí Èkó láti máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé ẹ̀kọ́ tí òun náà ti jáde. Ní ọdún 1941, ó fẹ́ Olú Pratt, ẹni tí ó jẹ́ apòògùn. Nígbà tí ó yá, ọkọ rẹ̀ pinnu láti lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ìpinnu yìí ni ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún aya náà láti mú ohun tí ó ti ń wù ú láti ìgbà èwe ṣẹ.

Ní ọdún 1946, Kòfowórọlá wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì Nightingale ní St Thomas' Hospital, Lọ́ńdọ̀nù. Kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ lásán. Florence Nightingale fúnra rẹ̀ ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1860, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì káàkiri ayé ti kọ́ àṣà iṣẹ́ wọn. Ó ti tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó sì ti wà nílé ọkọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ràn láti máa gba obìnrin tó lọ́kọ sí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ó tún jẹ́ aláwọ̀ dúdú ní ibi tí aláwọ̀ dúdú kò wọ́pọ̀. Aláìsàn kan wà tí ó kọ̀ jálẹ̀ pé nọ́ọ̀sì dúdú kò gbọdọ̀ tọ́jú òun. Ìyẹn kò ní kí ó kó ẹrù rẹ̀. Ó yege nínú àwọn ìdánwò rẹ̀, ó sì di nọ́ọ̀sì tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní ọdún 1950.

Nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ètò ìlera ọ̀fẹ́ wọn tí wọ́n ń pè ní NHS sílẹ̀, ní oṣù keje ọdún 1948. Nítorí èyí, àwọn tí ó ń kọ ìtàn ètò náà máa ń ka Kòfowórọlá mọ́ àwọn nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ó gba ìwé ẹ̀rí, ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́rin ṣiṣẹ́ sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìrírí àti orúkọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ dúró síbẹ̀, iṣẹ́ kò ní wọ́n ọn.

Ní ọdún 1954, ó padà wá sílé. Ní àkókò náà, ìjọba ń kọ́ ilé ìwòsàn UCH sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù kọkànlá ọdún 1957. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì UCH ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ṣáájú, ní ọdún 1952. Ẹni tó bá rò pé wọn yóò fi ìlù àti ijó pàdé ọmọ Nàìjíríà tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní St Thomas' yóò ṣìnà. Àwọn òyìnbó ni wọ́n sábà máa ń fi sí ipò sísítà tó ń darí wọ́ọ̀dù, ìgbésẹ̀ láti ipò náà lọ sókè sì nira fún ẹni tí kì í ṣe òyìnbó. Ìwé ẹ̀rí kan náà ni òun àti àwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì náà jọ ní, ilé ẹ̀kọ́ tí òun jáde sì ga ju ti ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Síbẹ̀, ó ní láti dúró, kí ó sì fi iṣẹ́ hàn wọ́n kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Nígbà tó ṣí, kò padé mọ́. Kòfowórọlá di sísítà ní UCH, ó di igbákejì mẹ́tírọ́ọ̀nù, nígbà tí ó sì di ọdún 1964, ó di mẹ́tírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn náà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò jókòó sí ipò yẹn. Ní ayé ìgbà náà, agbára mẹ́tírọ́ọ̀nù kì í ṣe kékeré. Abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo nọ́ọ̀sì wà, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, àti ìmọ́tótó wọ́ọ̀dù, àti yàrá iṣẹ́ abẹ. Ohun tí ó jókòó sí yìí kọjá ọ̀rọ̀ ipò àti aṣọ. Àwọn ọmọbìnrin tí ó ń kọ́ṣẹ́ rí i pé ẹni tí ó dàbí tiwọn lè dé òkè.

Àmọ́ Olóyè Pratt rí ìṣòro mìíràn tí ipò mẹ́tírọ́ọ̀nù nìkan kò lè yanjú. Láti ọdún 1947 ni òfin ti dá Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Nàìjíríà láti máa fi orúkọ nọ́ọ̀sì sínú ìwé, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ẹ̀kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n inú ilé ìwòsàn ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà ń parí sí. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, ó ń jí lọ síbi iṣẹ́, ó sì ń wá àyè láti kàwé. Nígbà tí ó bá gba ìwé ẹ̀rí tán, kò sí ibi tí ó lè lọ ní ilẹ̀ yìí láti kẹ́kọ̀ọ́ sí i kí ó lè di olùkọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tàbí olórí wọn. Ó ní láti wọ ọkọ̀ lọ sí òkè òkun. Ẹni tí kò bá lówó, tí kò sì rí ẹni rán an, ibi tí ó bá iṣẹ́ ni yóò fi í sí.

Ọdún 1965 ni ojútùú dé. Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, Olóyè Pratt sì wà lára àwọn òpómúléró tó gbé e ró. Àwọn tí wọ́n ti jẹ́ nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé láti wá gba oyè ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ rí ní Nàìjíríà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì lè jókòó nínú kíláàsì yunifásítì ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀, kí ó kọ́ nípa ara ènìyàn, nípa oògùn, nípa bí wọ́n ṣe ń kọ́ni àti bí wọ́n ṣe ń ṣèwádìí, kí ó sì gba dìgírì bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ mìíràn.

Gbogbo ènìyàn kọ́ ni irú nǹkan báyìí máa ń dùn mọ́. Ibikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ mú nọ́ọ̀sì lọ sí yunifásítì ni àwọn kan ti ń bẹ̀rù pé yóò di ẹni tó ń gbé ìwé kiri, tí kò ní fẹ́ fọwọ́ kan aláìsàn mọ́. Àwọn dókítà kan náà máa ń bẹ̀rù pé nọ́ọ̀sì tó bá mọ̀wé jù yóò fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́.

Ìjà yìí ti ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣáájú, lórí iṣẹ́ ìkunnilóorun gan-an. Nọ́ọ̀sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Agatha Hodgins, tí ó ń bá dókítà George Crile ṣiṣẹ́ ní ìlú Cleveland, ṣí ilé ẹ̀kọ́ fún iṣẹ́ yìí ní Lakeside Hospital ní ọdún 1915. Kò pẹ́ tí àwọn aláṣẹ ìṣègùn ìpínlẹ̀ Ohio fi ní iṣẹ́ dókítà nìkan ni, pé nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ ṣe é. Ọdún 1919 ni òfin tó gba àwọn nọ́ọ̀sì láyè tó jáde. Hodgins kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ní ọdún 1931, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí yóò máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ náà. Láti ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ wọn ti ń ga sí i. Láti ọdún 1945 ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò kan náà fún gbogbo wọn, láti ọdún 2022 sì ni ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìkunnilóorun fún nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà ti ní láti wọ inú ètò oyè ọ̀mọ̀wé. Ohun tí àwọn Hodgins rí ní Cleveland kò yàtọ̀ sí ohun tí Olóyè Pratt rí ní Ìbàdàn. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀mí ènìyàn lé lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣe, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí gbogbo ayé lè yẹ̀ wò.

Ní ọdún 1965 kan náà, ìjọba àpapọ̀ pè é wá sí Èkó láti di ọ̀gá àgbà àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé iṣẹ́ ètò ìlera. Láti ìgbà yìí lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò mọ sí Èkó àti Ìbàdàn mọ́. Ọ̀fà, tí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó máa ń gbà kọjá lẹ́yìn Ìbàdàn àti Òṣogbo, wà lábẹ́ ìjọba Àríwá nígbà náà, kó tó di pé wọ́n dá ìpínlẹ̀ tí ó wá di Kwara sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ìjọba ẹkùn kọ̀ọ̀kan ló ń bójú tó ilé ìwòsàn tirẹ̀. Bí ìwọ̀n ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì bá yàtọ̀ láti ẹkùn kan sí èkejì, aláìsàn tí ó wà ní ìlú kékeré ni yóò jìyà rẹ̀. Nítorí náà ni ipò tó kan gbogbo orílẹ̀-èdè ṣe ṣe pàtàkì.

Kò fi iṣẹ́ mọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀, ó sì ṣe olórí rẹ̀. Wọ́n yàn án sí ipò igbákejì ààrẹ nínú ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ICN. Ó tún darí àjọ àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ní Nàìjíríà. Ní ìdajì àkọ́kọ́ àwọn ọdún 1970, nígbà tí ọ̀gágun Mobọ́lájí Johnson ń ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó, ó di kọmíṣánnà fún ètò ìlera níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kó wọ ilé ìwòsàn ni àwọn ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ kan wá wà lábẹ́ rẹ̀ yìí.

Ní ọdún 1973, ẹgbẹ́ alágbèélébùú pupa àgbáyé fún un ní àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale, èyí tó jẹ́ ẹ̀yẹ tó ga jù lọ tí wọ́n ń fún nọ́ọ̀sì. Ní ọdún 1979, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Royal College of Nursing, fi í jẹ oyè ọlọ́lá nínú ẹgbẹ́ wọn. Ilẹ̀ tí aláìsàn kan ti kọ ọwọ́ rẹ̀ ló wá na ọwọ́ ẹ̀yẹ sí i. Ní ọdún 1987, onímọ̀ nípa iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Justus Akinsanya, kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹfà ọdún 1992 ni Olóyè Pratt dágbére fún ayé.

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ rò ó. Kò fi owó ra ọlá tí ó ní. Iṣẹ́ ló fi gbà á.

Ọ̀nà tí ó là kò dí. Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tirẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ yunifásítì mìíràn sì tẹ̀ lé e, tó fi mọ́ ti Ìlọrin. Nọ́ọ̀sì lè gba oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé nínú iṣẹ́ rẹ̀ báyìí láì kúrò ní Nàìjíríà. Nọ́ọ̀sì tó bá sì fẹ́ máa kun ènìyàn lóorun ní láti kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà ni yóò lọ kọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe yìí, kí Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí tó fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ní Ọ̀fà, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera ti ìjọba Kwara ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìlú àti ìgbèríko. Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ láti irú ibẹ̀ lónìí lè rí àtẹ̀gùn tó ga níwájú rẹ̀. Àtẹ̀gùn náà kò sí níbẹ̀ nígbà tí Kòfowórọlá Scott jẹ́ ọmọdé ní Èkó.

Àmọ́ ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìgbésí ayé rẹ̀ kò tíì tán. Ní báyìí, àwọn nọ́ọ̀sì tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti lé ní 10,000. Ní ọdún 2024, Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí gbé ìlànà jáde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì nílé kí wọ́n tó lè fìdí ìwé rẹ̀ múlẹ̀ fún òkè òkun, ọ̀rọ̀ náà sì dá awuyewuye sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tọ́ka sí Olóyè Pratt gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ẹni tó lọ tó sì padà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe gbàgbé ohun tó pàdé nígbà tó dé. Ilẹ̀kùn tì mọ́ ọn lójú nílé ara rẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n tó ṣí i ni èrè ìpadàbọ̀ rẹ̀ tó hàn.

Nọ́ọ̀sì tó lọ kọ́ iṣẹ́ ìkunnilóorun, tó padà sí ìlú bíi Ọ̀fà, tó bá ipò kan náà àti owó oṣù kan náà tó fi sílẹ̀, tí kò rí ọ́síjìn tàbí iná mànàmáná lò, kò ní pẹ́ tí yóò fi wo ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Òfin lè dá a dúró fún ọdún méjì. Ohun tí yóò mú kó fẹ́ dúró ni ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀, irinṣẹ́ tó pé, àti àga tí wọ́n yóò fi fún un nígbà tó bá yẹ fún un. Olóyè Kòfowórọlá Pratt jókòó sórí irú àga bẹ́ẹ̀ ní UCH ní ọdún 1964, nígbà tí ọdún kan sì fi máa yí po, ó ti bá wọn fi ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lélẹ̀ ní yunifásítì.